Ogójì Wákàtí Tí N Kò Ṣe

Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe MBA lókè òkun máa ń kún, abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ téèyàn ti ṣe rí ni àpótí kékeré kan máa ń wà. Wọ́n á ti béèrè orúkọ ibi iṣẹ́, ipò tí o wà, oṣù tí o bẹ̀rẹ̀, oṣù tí o kúrò, iye tí wọ́n ń san fún ọ, àti ìdí tí o fi fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpótí yẹn: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Mo kọ 40 síbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bí ọ̀sẹ̀ bá gùn tán, n kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí méjìlá lọ nídìí rẹ̀. Bí àsìkò ìdánwò bá dé, n kì í yọjú rárá.

Ọmọ Ùgbè-Àkókó ni mí. Ìkàrẹ́ ni ọjà wa, ọ̀kadà ló sì ń gbé wa lọ. Ibi tí mo ti kàwé náà kò jìnnà: Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, lójú ọ̀nà tó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó ní 1996, Adó-Èkìtì ni yunifásítì ìpínlẹ̀ wà, ó sì bá Èkìtì lọ. Ní 1999 ni Òǹdó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àkùngbá, bí ìwé gíga ṣe dé ẹnu ọ̀nà àwa ọmọ Àkókó nìyẹn. Ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó lè sùn nílé, kó lọ sí kíláàsì, kó sì padà wá ṣe nǹkan tí yóò fi rówó jẹun. Lákòókò tèmi, ọmọ tí kò ní iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ kankan kò pọ̀. Ẹnìkan ń gẹrun fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ń ta káàdì ìpè, ẹnìkan ń ránṣọ. Èmi ń bá ìyá kan gba owó àjọ ní ọjà Ìkàrẹ́.

Ìyá Alájọ ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, n óò sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bí àjọ ṣe rí. Kì í ṣe èésú, tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń dá jọ, tí wọ́n á sì máa kó o fún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àjọ, oníṣòwò á mú iye tí apá rẹ̀ ká lójúmọ́, ó lè jẹ́ igba náírà, ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Alájọ á yí ọjà po, á gba owó náà, á sì fàlà sójú ọjọ́ yẹn lórí káàdì. Bí oṣù bá pé, olówó á kó owó rẹ̀, alájọ á yọ ti ọjọ́ kan ṣoṣo, èrè tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó dá 500 lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ti dá 15,000. 14,500 ni yóò kó. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí lọ́yà. Bí alájọ bá sá lọ, ó ti tán nìyẹn. Ẹni tí ọjà bá sì gbé owó rẹ̀ lé lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ti wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Àbí ta ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ sọ pé orí ẹnìkan pé bíi ti alájọ Ṣómólú? Alphaeus Táíwò Olúnáìkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1915, ó sì di olóògbé ní 2012. Àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ti gba owó àjọ rí mọ̀ pé kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà wà, mọ́tò ò lè wọ̀ ọ́; kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́. Ká ní mo ní làákàyè lọ́jọ́ tí mo kún fọ́ọ̀mù, ìtàn yẹn nìkan ì bá tó mi fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ tí wọ́n ní kí n kọ mọ́ ọn.

Ọ̀sán ọjọ́ méjì tí n kò ní kíláàsì àti gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ. Ohun tó mú mi wúlò fún Ìyá Alájọ kì í ṣe ẹsẹ̀ mi, ìṣirò ni. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ gbogbo owó sí, oníbàárà sì ní káàdì tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí oṣù bá parí, méjèèjì kì í bára mu. Ẹlòmíràn ti san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn ní kí ọmọ òun bá òun san án, òjò ti pa káàdì ẹlòmíràn tí àlà orí rẹ̀ ti parẹ́. Owó tí kò bá ti yé ẹnikẹ́ni, àpò Ìyá Alájọ ló ń ti jáde, nítorí wọ́n kì í bá oníbàárà jà. Mo wá dábàá pé ká máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ Sátidé: iye ọjọ́ tí ẹ ti dá lóṣù yìí nìyí, mà. Ẹni tí kò bá gbà á á pariwo ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo wa ṣì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí ariwo ìparí oṣù fi rọlẹ̀. Àwọn tí kò lè kàwé ní ọmọ nílé tó ń kà á fún wọn, àwọn ọmọ yẹn sì wá di ẹlẹ́rìí wa.

Lẹ́yìn náà ni 2016 dé, ọdún tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀. Orí káàdì ni mo ti kọ́kọ́ rí i, kí n tó gbọ́ ọ lórí rédíò. Obìnrin tó ń dá 500 sọ ọ́ di 300. Aláṣọ tó ń dá ẹgbẹ̀rún ní ká dá òun dúró ná. Àwọn tó ń ta gààrí àti ẹ̀lùbọ́ kò yẹsẹ̀. Mo jókòó, mo pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí lórí ìwé kan: ta ló ń tà fún olówó oṣù, ta ló ń tà fún ẹni tí ebi ń pa. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ìyá Alájọ máa ń yá àwọn oníbàárà àtijọ́ lówó ṣáájú ìparí oṣù. Nígbà tí mo ka ìwé náà fún wọn, wọ́n ṣe hùn-ún, wọ́n ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dín iye tí wọ́n ń yá àwọn aláṣọ kù. Àwọn alájọ kan wó lọ́dún yẹn. Tiwa kò wó.

Gbogbo ohun tí mo sọ tán yìí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ojú ló ń tì mí, ìṣirò ọdún sì ń dẹ́rù bà mí. Mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ní 2019. Mo ṣì ń wáṣẹ́ kiri ni kòrónà dé ní 2020, tí gbogbo ilẹ̀kùn tì. Kí n tó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́, 2021 ti wọlé. Nígbà tí mo fẹ́ kún fọ́ọ̀mù ní 2022, iṣẹ́ àárọ̀-dalẹ́ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo ti ṣe kò pé ọdún méjì. Mo lọ wo ohun tí Harvard kọ nípa kíláàsì tiwọn, mo rí i pé àwọn tí wọ́n ń gbà ti ṣiṣẹ́ tó bí ọdún márùn-ún ní ìpíndọ́gba. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń lé kì í ṣe Harvard, ṣùgbọ́n àyà mi já náà ni. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣáájú mi lọ sókè òkun ní kí n fi ọdún tí mo lò ní yunifásítì kún un. Ó ní, "Ta ló fẹ́ wọ bàálù wá sí Ìkàrẹ́ wá béèrè rẹ?" N kò ní di ẹ̀bi náà ru ẹ̀gbọ́n. Ìka tèmi ló tẹ 40.

Irọ́ ọ̀hún sì bímọ. Iṣẹ́ ogójì wákàtí kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọmọ tó ń bá alájọ rìn lọ́jà, nítorí náà mo sọ Ìyá Alájọ di ilé-iṣẹ́, mo sọ ara mi di alákòóso ètò ìnáwó láti 2015 títí dé 2018. Mo pa ọ̀rọ̀ àjọ rẹ́ pátápátá. Mo kọ pé mo ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ mi. Òṣìṣẹ́ wo? Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ń yí ọjà po láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fàlà sí káàdì.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò yẹn, wọ́n ń kọ́ni nípa Grameen Bank tí Muhammad Yunus dá sílẹ̀ ní Bangladesh, tó di báńkì ní 1983, tí wọ́n sì torí rẹ̀ fún òun àti báńkì náà ní ẹ̀bùn Nobel ní 2006, nítorí owó kéékèèké tí wọ́n ń yá àwọn obìnrin abúlé. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí èésú àwa Yorùbá láti 1952. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wọ ọkọ̀ òkun wá wò nílẹ̀ wa ni èmi tí mo wà nínú rẹ̀ gbé sábẹ́ ibùsùn, tí mo wá lọ kọ gbólóhùn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti Mumbai dé Èkó ń kọ: mo darí ètò ìnáwó.

Wọ́n gbà mí wọlé. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò ṣẹ̀ mí. Bóyá irọ́ náà ló wọ̀ wọ́n lójú, bóyá máàkì ìdánwò GMAT tí mo ṣe láti fi wọlé ni, n kò béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti owó, torí ìjẹ́wọ́ tí kò bá kan owó, àbọ̀ ìjẹ́wọ́ ni. Ìdánwò GMAT nìkan lé ní igba dọ́là. Owó fọ́ọ̀mù wà lọ́tọ̀. Lọ́dún 2022 yẹn, àwọn báńkì wa ti ń dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkèèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọwọ́ mọ̀lẹ́bí kan tó wà níta ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá, a sì ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní náírà nílé ní iye tí àwọn abókí tó ń ṣẹ́ owó ń ta dọ́là. Bí wọ́n ṣe gbà mí tán ni wọ́n ní kí n san owó tí wọ́n fi ń di àyè mú fúnni, èyí tí wọn kì í dá padà. Àjọ màámi ló san án. Iṣu ni màámi ń tà ní Ìkàrẹ́, ọwọ́ Ìyá Alájọ kan náà ni wọ́n sì ti ń dá a, tí wọn ò kó o, tí wọ́n ní kí ó máa gorí ara wọn títí ọmọ àwọn yóò fi rí ohun gidi ṣe. Èmi náà kò wá jókòó jẹ́ẹ́. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ Àkúrẹ́ sílẹ̀ kí n lè ráyè sáré ìwé ìrìnnà. Ẹni tí kò tíì gba físà, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń háyà àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbani wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló fẹ́ wá sí Ìkàrẹ́. Kò sẹ́ni tó wá sí Ìkàrẹ́. Wọ́n kàn gbé ìwé méjì lé ara wọn ni. Transcript mi, ìyẹn ìwé èsì ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì, sọ pé láti 2014 sí 2018 mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́, tí kò fo sáà kankan. Fọ́ọ̀mù mi sọ pé láàrin àkókò kan náà mo ń ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè rí i. Wọ́n kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní kí n fi ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kí ó sọ iye wákàtí tí mo ń ṣe.

Ẹ má fi òwe irọ́ tó rin ogún ọdún bá mi wí. Tèmi kò pé ọdún kan.

Mo tẹ ìwé náà fúnra mi, mo gbé e lọ sí Ìkàrẹ́ fún Ìyá Alájọ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ìwé tí n óò fi lọ sókè òkun ló kù. Inú wọn dùn, wọ́n súre fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ ọmọ wọn pé kó wá kà á fún àwọn, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kà á dé ibi ogójì wákàtí, ó sì túmọ̀ rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá Alájọ wojú mi. "Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwọ lo máa ń yí ọjà po?"

"Rárá, mà."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"

"Rárá, mà."

"Ta ni?"

Mo dárúkọ ọmọbìnrin yẹn.

"Wákàtí tirẹ̀ dà nínú ìwé yìí?"

Mo ṣàlàyé pé ìwé náà kò kan ọmọbìnrin yẹn, pé kò lè pa á lára, pé òkè òkun ló ń lọ. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Bó bá wá bá mi lọ́la pé kí n kọ tòun náà ńkọ́? Kí ni n óò kọ? Pé ẹni méjì ló gba owó kan náà lọ́wọ́ oníbàárà kan? Ẹni méjì kì í fàlà sójú ọjọ́ kan, ọmọ mi. Ìwọ lo kọ́ mi pé ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Títí di ìṣẹ́jú yẹn, èrò mi ni pé nọ́ńbà ni mo sún sókè. N kò mọ̀ pé wákàtí tí mo kọ sí orúkọ mi ní olówó. Ọmọbìnrin tí kò ní yunifásítì tó ń lọ, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn lójoojúmọ́ fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo gbé wọ̀, tí mo sì tún fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ọmọ abẹ́ mi.

Ìyá Alájọ kò lé mi. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn mú bébà mìíràn wá, wọ́n ní ohun tí mo ṣe gan-an ni àwọn yóò fọwọ́ sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọjọ́ Sátidé àti ọ̀sán ọjọ́ méjì, àtẹ̀jíṣẹ́, ìwé tó bá káàdì mu, àwọn aláṣọ ní 2016. Wọ́n rántí ju èmi lọ. Ìwé ìsọ̀rí oníbàárà tí mo kọ nígbà yẹn ṣì wà nínú àpótí owó wọn, wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìwé tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nìyẹn.

Mo fi í ránṣẹ́, mo sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tì í. Ìdáhùn wọn kò gùn. Wọ́n ní mo ti buwọ́ lu ìparí fọ́ọ̀mù pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ, àwọn sì ti gba àyè náà padà. Owó tí a san kò padà.

Ọ́fíìsì Àkúrẹ́ ti gba ẹlòmíràn. Mo ní n óò tún gbìyànjú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àfi bí ìjọba ṣe tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Dọ́là tí ìjọba ń kà sí nǹkan bíi 460 náírà kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Màámi béèrè iye tí yóò ná wa lọ́wọ́ báyìí. Mo sọ ọ́. Wọ́n padà sídìí iṣu wọn.

Mo ti wá ní àsìkò láti ka ohun tó yẹ kí n ti kà. Bí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò bá ń ka oṣù iṣẹ́, èyí tí èèyàn ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́yìn tó gboyè ni wọ́n ń kà. Iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ ìgbà tó wà nílé-ẹ̀kọ́ kì í wọ inú ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé wọn kì í kà á. Ó ní àyè tirẹ̀ lórí CV, ó sì ń dé inú àròkọ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tí wọ́n ń fi í wá ni bí ọkàn èèyàn ṣe rí nígbà tí kò sí ẹni tó fi í joyè. Kódà àìní ọdún iṣẹ́ kì í ti ilẹ̀kùn pátápátá: láti 2007 ni Harvard ti kéde ètò kan tí wọ́n ń pè ní 2+2, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà ní ọdún àṣekágbá. Wọ́n á fún un ní àyè, kó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ná.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí kò bá pa mí lẹ́kún, ni ti agùnbánirọ̀. Ètò NYSC ti wà láti 1973, ọdún gbáko ni. Ní gbogbo ọdún yẹn, yàtọ̀ sí ọjọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú lọ́sẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò láti ìgbà tí aago ilé-ẹ̀kọ́ bá dún. Mo yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù nítorí mo rò pé òyìnbó kò ní kà á sí iṣẹ́. Wákàtí tí mo ṣe, mo jù ú nù. Èyí tí n kò ṣe, mo hun ún.

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ó ti ń gba àjọ tirẹ̀ báyìí, lọ́wọ́ Àrìgìdì. Mo rò pé yóò bínú. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo kọ pé èmi ni ọ̀gá òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n wá san owó oṣù tí mo jẹ òun.

Lọ́dún tó kọjá, mo kún fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín nílé. Mo kọ 12 sínú àpótí yẹn, mo kọ "olùrànlọ́wọ́ alájọ" sí ipò, mo sì kọ ọdún agùnbánirọ̀ sí ibi tó tọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa iṣẹ́ ọ́fíìsì mi. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí a máa ń ṣe bí oníbàárà bá fẹ́ kó owó rẹ̀ ní àárín oṣù, ẹni tó ń ru ewu rẹ̀, àti bí a ṣe mọ ẹni tí a lè yá. A sọ ọ́ títí aago fi lọ. Wọn ò tíì fèsì.

Owó màámi ṣì wà lọ́rùn mi. Mo fẹ́ máa kó o fún wọn lóṣooṣù, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n máa dá a fún Ìyá Alájọ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa fàlà sí i. Mo ń dá a. Ìyá Alájọ sì ń yọ ti ọjọ́ kan lóṣooṣù.